Amarillo ni ká sùn ni, àbí inú Palo Duro?
Ẹ̀yin tó ń wa ọkọ̀ RV (ọkọ̀ ńlá tí èèyàn ń sùn nínú rẹ̀) gba títì I-40 ní Texas, ibùdó ẹ̀bá títì ní ìlú Amarillo rọrùn: ẹ wọlé tààrà láìfi ẹ̀yìn rìn, omi, iná àti páìpù ìdọ̀tí wà nílẹ̀. Àmọ́ ariwo tírélà kì í sùn, atẹ́gùn pẹ̀tẹ́lẹ̀ yẹn sì ń mi ọkọ̀ bí ọmọdé ṣe ń mi igi máńgòrò.

Palo Duro, ọgbà ìjọba inú àfonífojì jíjìn tó ti ṣí láti 1934, jìn sí Amarillo tó nǹkan bí 40 kìlómítà. Àárín àpáta pupa lẹ ó sùn, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ gidi. Ṣùgbọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ń dẹ́rù bani ni ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀: ẹ lo jíà kékeré, ẹ má tẹ búréèkì ṣáá.

Òru kan péré? Amarillo. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, èmi ò ní wo ẹ̀bá títì lẹ́ẹ̀mejì.