Títa ilé ogún kíákíá: olówó ojú ẹsẹ̀ àbí ọ̀nà ìwé?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti ń bọ̀. Ilé ogún méjì la ti tà lójú mi nínú ẹbí wa. Àkọ́kọ́ ni ti bàbá wa n'Ìbàdàn, olówó ojú ẹsẹ̀ la tà á fún, ìyẹn ẹni tó ní òun máa san owó kíákíá láì dúró de ìwé, ọ̀sẹ̀ méjì péré la rò pé gbogbo ẹ̀ máa gbà. Èkejì ni ti màmá wa l'Abẹ́òkúta, ìyẹn la gba Letter of Administration sí, ìwé tí kóòtù fi ń fún ẹbí láṣẹ lórí ogún, ká tó pe ẹnikẹ́ni wá wò ó, òun ni mo ń pè ní ọ̀nà ìwé. Tí òbí yín bá ti lọ tí ilé wà nílẹ̀ tí owó sì ń jó yín lẹ́sẹ̀, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kẹ́ẹ tó pe nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó iná yẹn.

Mi ò ní ṣàlàyé C of O àti sọ́fè, ẹ ti mọ̀ wọ́n, ìyẹn kọ́ ló ń da èèyàn láàmú.

Iye owó. Olówó ojú ẹsẹ̀ á gé e, kò sí bó ṣe máa ṣe é, torí ìkánjú yín gan-an ló wá rà. Mílíọ̀nù 38 lẹni tó wá wo ilé bàbá wa dá lé e, nígbà tí èèyàn méjì tó mọ̀ nípa ilé ti sọ fún wa pé kò yẹ kó wálẹ̀ ju 50 lọ. Tó bá jẹ́ pé ìyẹn nìkan ni ìyàtọ̀ àárín wọn, ǹ bá ní kẹ́ẹ gbà á kẹ́ẹ máa lọ.

Owó àgẹ́ǹtì. Wọ́n dọ́gba. Olówó ojú ẹsẹ̀ á ní kò sí àgẹ́ǹtì láàárín àwa àti òun, ṣùgbọ́n ẹni tó mú un wá á gba tiẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Consent gómìnà, ìyẹn ìfọwọ́sí gómìnà sí títà ilẹ̀. Wọ́n dọ́gba níbẹ̀ náà, Land Use Act ti 1978 ò mọ ẹni tó ń kánjú.

Ayálégbé. Olówó ojú ẹsẹ̀ ló borí níbí. Ó máa ń ra ilé àti àwọn tó ń gbé inú ẹ̀ pọ̀ ni, wàhálà dẹ̀ di tiẹ̀. Oníbàárà ọ̀nà ìwé fẹ́ ilé tó ṣófo, bó bá sì jẹ́ Èkó lẹ wà, òfin ayálégbé wọn ti 2011 fún ẹni tó ń san owó ọdọọdún ní nótíìsì oṣù mẹ́fà tí kò bá sí àdéhùn míì.

Owó ní ọwọ́. Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé wọ́n máa kó owó wá nínú Ghana-must-go, kẹ́ẹ kà á lórí àkéte. Ẹ má gbà. Láti 2022 ni òfin ti wà pé èèyàn kan ò gbọ́dọ̀ san tàbí gba owó lọ́wọ́ tó ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ láì gba báǹkì kọjá, ẹni tó san án àti ẹni tó gbà á ni òfin dẹ̀ máa mú. Tó bá ní owó lóòótọ́, báǹkì á gbé e.

Ìfọwọ́sí ẹbí. Nígbà tí ọkùnrin yẹn dé pálọ̀ wa, ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni pé ta ni dáwódù. Bọ̀ọ̀dá wa àgbà dìde, ó ní ó tán, ẹni tó máa fọwọ́ sí i nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ àwa méje la jẹ́ ọmọ, ìyàwó méjì ni bàbá wa fẹ́, ìdí igi méjì nìyẹn, mẹ́rin lọ́dọ̀ tiwa, mẹ́ta lọ́dọ̀ ìyá wa kékeré, ọ̀kan nínú wọn dẹ̀ wà ní London. Dáwódù nìkan ò lè ta ilé ẹbí kọ́kàn oníbàárà balẹ̀. Láti 1959 ni Federal Supreme Court ti dá a nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika: tí àwọn yòókù bá tà á láì sí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni, tí olórí ẹbí bá tà á láì fi tàwọn aṣojú ìdí igi yòókù ṣe, ó ṣì dúró, ṣùgbọ́n ẹni tí wọn ò fi ṣe yẹn lè gba kóòtù lọ kí wọ́n wọ́gi lé e. Nítorí náà ẹni tó bá ń sọ fún yín pé ẹ̀gbọ́n yín nìkan ti tó, ẹjọ́ ló ń bá yín rà sílẹ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ọ̀nà ìwé níbí ni pé ó máa ń fi dandan mú ẹbí jókòó kówó tó dé. Bóyá ìdí igi lẹ máa fi pín in, ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọmọ ẹ̀ ní ìpín kan, àbí orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀, ẹ jà á nígbà tí kò tíì sí kọ́bọ̀ nílẹ̀. Tiwa, lẹ́yìn tí owó ti wọ àkáǹtì bọ̀ọ̀dá wa la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jà á, ìyá wa kékeré ò bá wa jẹun fún bí ọdún kan.

Owó tó kù. Ẹ bá mi dúró níbí dáadáa.

Oṣù kẹta 2023 ló san owó àkọ́kọ́. Ẹ rántí bí ìgbà yẹn ṣe rí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ náírà, owó ò sí ní báǹkì, àwọn èèyàn ń tò sẹ́nu ATM láti òru, ẹni tó bá láǹfààní àtifi mílíọ̀nù ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ọba ni lójú wa. Mílíọ̀nù 20 ló fi ránṣẹ́, ó ní 18 tó kù, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bọ̀ọ̀dá mi wá wọ yàrá lọ gbé agolo bisikíìtì tí bàbá máa ń kó ìwé sí jáde. Rìsíìtì ilẹ̀ ti 1974 wà níbẹ̀, bébà yẹn ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, àtàǹpàkò mógàjí tó ta ilẹ̀ fún bàbá ṣì hàn kedere lórí sítáǹbù, bàbá fúnra ẹ̀ ti fi bírò kọ "ẹ má sọ ọ́ nù o" sẹ́yìn ẹ̀. Ọkùnrin yẹn nawọ́, a kó o fún un. Ojúlówó ìwé, kì í ṣe fọ́tókọ́pì. Ọjọ́ yẹn náà la kun ọ̀dà bo ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ tó wà lára fẹ́ǹsì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, ó ní lọ́yà òun ò gbà kóun san tó kù láì sí Letter of Administration. Ohun tó sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé òun ò nílò ẹ̀ nìyẹn. A bá sáré lọ sí probate, ọ́fíìsì kóòtù tó ń fúnni ní ìwé yẹn, wọ́n ní ká mú ìwé ilé wá, ìwé ilé ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní òun ò lè kó ìwé jáde nígbà tí owó òun ti wà nílẹ̀. Báyìí la ṣe ń lọ tá à ń bọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yà síbẹ̀, ó bá àwọn méjì pẹ̀lú àgẹ́ǹtì kan tí wọ́n ń fi téèpù wọn àárín ọgbà. Ó bi wọ́n léèrè, wọ́n ní ilé yìí wà lọ́jà, mílíọ̀nù 60. Ìgbà yẹn ló tó yé wa. Kò ní mílíọ̀nù 38 rí. Ìwé wa ló gbé káàkiri tó fi ń wá ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ ẹ̀, kó lè yọ tiwa san fún wa níbẹ̀.

Oṣù kẹfà ọdún yẹn ni wọ́n tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tó wà ní bíi 460 lọ́wọ́ ìjọba fò sókè ju 700 lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, nígbà tó fi máa di oṣù kejì 2024 ó ti kọjá 1,500. Àbúrò mi obìnrin ti fi ìpín ẹ̀ nínú 18 yẹn ṣírò sìmẹ́ńtì tó máa fi parí ilé ẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ kékeré kan. Àpò kan ò tíì tó 5,000 nígbà tó kọ ọ́. Oṣù kẹrin 2024 la rí owó yẹn gbà, iye náírà kan náà, kò lé kọ́bọ̀, sìmẹ́ńtì dẹ̀ ti kọjá 10,000 lọ́pọ̀ ibi kó tó dìgbà yẹn. Ìwé àjákọ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, mo ti rí i, òpó ni ilé yẹn dúró sí.

Ẹ wá fi ti Abẹ́òkúta wé e. A gba ìwé ikú ní National Population Commission, a gba fọ́ọ̀mù ní probate ti kóòtù gíga ìpínlẹ̀, a kọ gbogbo ohun tí màmá ní sílẹ̀ títí dórí owó tó wà ní báǹkì, a wá onídùúró, wọ́n gbé e sínú ìwé ìròyìn pé ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ kó wá sọ ọ́, a dúró. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Ó sú wa, mi ò ní purọ́, ìrìn àjò ọ̀hún nìkan, owó ni. Ọmọ mẹ́rin péré náà la dẹ̀ jẹ́ níbẹ̀, ìyẹn bá wa dín in kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé jáde, orúkọ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló wà lórí ẹ̀, a ṣí àkáǹtì tuntun lórúkọ ogún màmá, kì í ṣe lórúkọ ẹnì kankan nínú wa. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, tọkọtaya kan rà á. Dráàfù ni wọ́n mú wá sí ọ́fíìsì lọ́yà wa, gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan náà, lọ́yà ò dẹ̀ tú ìwé sílẹ̀ títí báǹkì fi ní owó ti wọlé. Ọjọ́ kejì la pín in.

Ẹ ṣírò ẹ̀ báyìí: ọ̀nà ìwé, oṣù mọ́kànlá. Olówó ojú ẹsẹ̀, oṣù mẹ́tàlá kówó tó pé.

Mi ò sọ pé kéèyàn má ta fún olówó ojú ẹsẹ̀ láéláé. Àìsàn lè wà nílé, owó ọsibítù ò mọ probate. Ilé lè ti fẹ́ wó, ọmọ onílẹ̀ lè ti ń yọjú. Àwọn kan dẹ̀ wà tí wọ́n lówó lóòótọ́. Àbúrò yín tó rí jájẹ náà lè ra tẹ̀yin yòókù, ìyẹn gan-an ló dáa jù tó bá ṣeé ṣe, kí lọ́yà ṣáà bá yín kọ ọ́. Developer tó ní kẹ́ẹ fi ilẹ̀ sílẹ̀ kóun kọ́ fláàtì, kóun fún yín ní méjì, ìyẹn kì í ṣe títà kíákíá, ẹ yọ ọ́ kúrò níbí.

Tó bá jẹ́ olówó ojú ẹsẹ̀ lẹ máa lò, ẹ gba lọ́yà tiyín, kì í ṣe tiẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ Letter of Administration lónìí náà, kódà kẹ́ẹ tó rí i, torí ẹ̀yin lẹ ṣì máa ṣe é gbẹ̀yìn. Ẹ má gba ìdajì owó. Tó bá di dandan kẹ́ẹ gbà á, ẹ kọ déètì tó kù sínú àdéhùn, kẹ́ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí déètì yẹn bá kọjá, ilé padà di tiyín, ẹ ó sì yọ iye kan nínú owó tó ti san. Fọ́tókọ́pì ni kó mú lọ.

L'Abẹ́òkúta, ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ wà lára fẹ́ǹsì títí dọ́jọ́ tí alert dé. Àwọn tó rà á ló kun ún fúnra wọn.