Iṣẹ́ Ẹgbẹ́ Olùtọ́jú Ọgbà Àdúgbò Wa Dára Ju Ìwé Ìròyìn Wọn Lọ

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí tí mo ti ń bá ẹgbẹ́ olùtọ́jú ọgbà àdúgbò wa ṣiṣẹ́, tí mo ń yá irinṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, tí ìwé ìròyìn wọn sì ń tẹ̀ mí lọ́wọ́ lóṣooṣù. Kò sí ẹni tó ń gba owó oṣù níbẹ̀. Àwọn ará àdúgbò tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń ro ilẹ̀ tí kò ní olùtọ́jú, tí wọ́n ń gbin igi sí etí ọ̀nà, tí wọ́n ń sọ ewé àti koríko di ajílẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọ́. Mo kọ èyí fún ẹni tó ń rò ó bóyá kí òun dara pọ̀ mọ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, mo sì kọ ọ́ fún àwọn tó ń darí wọn pẹ̀lú, nítorí ohun tí mo rí ni pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn múná dóko, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ròyìn iṣẹ́ náà kò tó nǹkan, ọgbà náà fúnra rẹ̀ ló sì ń jìyà rẹ̀.

Ibi òkìtì ajílẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé àwọn ènìyàn yìí mọ iṣẹ́ wọn dunjú. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń bójú tó o ni mo bá níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo kí i, mo sì bi í pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ìyá, kí ló dé tí òkìtì yìí fi ń rú èéfín?" Kò dá mi lóhùn tààrà, ó ní, "Ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọmọ mi." Kí ọwọ́ mi tó wọlé dé ìgbọ̀nwọ́ ni mo ti fà á yọ, nítorí ooru inú rẹ̀ dà bí ti omi ìwẹ̀ tí a kò tíì bu omi tútù mọ́. Ó wá ti irin gígùn tí wọ́n fi ń wọn ooru bọ àárín òkìtì náà, ó sì fi hàn mí pé ó ti dé ìwọ̀n 58 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ó ṣàlàyé pé àwọn ohun alààyè tíntìntín tí ojú kò lè rí ló ń jẹ ewé àti koríko náà, pé jíjẹ tí wọ́n ń jẹ ẹ́ ló ń mú ooru wá, àti pé bí ooru náà bá wà láàárín 55 sí 65 fún ọjọ́ bíi mélòó kan, tí a sì ń yí òkìtì náà kí ohun tó wà lẹ́bàá rẹ̀ lè dé àárín, èso èpò àti ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn tó wà níbẹ̀ yóò kú.

Kò sí ohun tí ìyá náà ń ṣe sí òkìtì yìí láìnídìí. Bí ó bá bu koríko tútù àti èèpo ẹ̀fọ́ apẹ̀rẹ̀ kan, yóò bu ewé gbígbẹ apẹ̀rẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lé e, torí pé kábọ̀n inú òkìtì, èyí tó pọ̀ nínú ewé gbígbẹ, gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po 25 sí 30 náítírójìn, èyí tó pọ̀ nínú koríko tútù, kí àwọn ohun alààyè náà tó lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Kì í jẹ́ kí òkìtì kéré ju mítà kan lọ ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga, nítorí òkìtì kékeré kì í lè pa ooru mọ́ra. Láti mọ̀ bóyá omi rẹ̀ tó, yóò bu ẹ̀kúnwọ́ kan, yóò sì fún un: ó gbọ́dọ̀ rí bíi kànìnkànìn tí a ti fún gbẹ, tí omi ẹ̀kán kan tàbí méjì péré ṣì lè jáde lára rẹ̀. Bí òkìtì bá ń rùn, ó ní kò rí afẹ́fẹ́ ni, kí a yí i, kí a sì fi ewé gbígbẹ kún un. Ẹran àti òróró kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀gbìn tí àrùn ti mú. Gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀ yìí, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ; n kò rí ìlà kan ṣoṣo nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ láti ọdún tí mo ti ń kà á.

Irinṣẹ́ yíyá kò ní wàhálà. Ṣọ́bìrì, réèkì, ọkọ́ àti sísọ́ọ̀sì ńlá tí wọ́n fi ń gé ẹ̀ka wà níbẹ̀, wọ́n mú, wọ́n sì mọ́, nítorí pé ẹni tó bá dá sísọ́ọ̀sì padà gbọ́dọ̀ fi ọtí apakòkòrò nu ojú rẹ̀ kí àrùn igi kan má baà ti ara rẹ̀ kó ran òmíràn.

Iṣẹ́ igi gbígbìn wọn ni ó wù mí ṣìkejì. Mo ti rí ọ̀pọ̀ igi etí ọ̀nà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ jù, tí wọ́n tún wá wa ewé gbígbẹ gbá a lára bí òkìtì ọ̀gán, tí èèpo ìdí rẹ̀ sì rà kí ọdún díẹ̀ tó pé. Ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń gbẹ́ ihò tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ìṣù gbòǹgbò, ìyẹn gbòǹgbò pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ tó so mọ́ ọn, ṣùgbọ́n tí kò jìn ju ìṣù náà lọ, kí ibi tí ìdí igi ti ń fẹ̀ lọ sínú gbòǹgbò lè yọ sórí ilẹ̀. Ewé tàbí èèpo igi tí wọ́n fi ń bo ilẹ̀ kì í nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 lọ, kì í sì í kan ara igi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń darí wa lọ́jọ́ náà tú igi kan tí mo ti gbìn tán hú, ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, ó ti wọlẹ̀ jù," ó sì dúró tì mí títí mo fi tún un gbìn. Inú mi dùn sí i pé kò fi ojú fo àṣìṣe mi.

Ọjọ́ tí wọ́n ń pààrọ̀ irúgbìn náà kún fún ẹ̀kọ́. Wọn kì í kàn kó irúgbìn sórí tábìlì. Wọ́n máa ń bi ẹni tó mú un wá léèrè ọdún tó kórè rẹ̀ àti ohun tó gbìn sítòsí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé òdòdó tòmátò àti ti ẹ̀wà sábà máa ń fúnra wọn gba ara wọn lóyún, tí irúgbìn wọn yóò sì jọ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n oyin máa ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó elégédé kan lọ sára irú òmíràn, tí ẹni tó bá gbin èso rẹ̀ lè kórè ohun tí kò mọ̀ rí. Irúgbìn tí ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò: wọ́n á fi 10 nínú rẹ̀ sínú bébà tútù, wọ́n á sì wo iye tó hù. Irúgbìn àlùbọ́sà kì í pẹ́ kó tó kú, kò sábà kọjá ọdún kan tàbí méjì, nígbà tí ti tòmátò lè tó ọdún mẹ́rin bí ibi tí a fi í sí bá gbẹ tó sì tutù.

Ọjọ́ yìí gan-an ni mo pàdánù ní ìgbà kejì tí wọ́n ṣe é, torí pé ìwé ìròyìn tó kéde rẹ̀ dé ọwọ́ mi lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí wọ́n ti ṣe é tán. Kì í ṣe èmi nìkan. Ìwé ìròyìn náà ń sọ ohun tó ti kọjá, ó ń gbé àwòrán àwọn aṣáájú tí wọ́n di ṣọ́bìrì mú, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, èyí tí kò burú. Àmọ́ kì í sọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ tó ń bọ̀, àti ẹni tó kàn láti bomi rin ọ̀gbìn. Nígbà tí òjò dá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oníkálukú rò pé ẹlòmíràn ń bomi rin àwọn irúgbìn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́. Ọjọ́ tí mo débẹ̀, mo fi ìka tú ilẹ̀ ìdí ọ̀kan, iyẹ̀pẹ̀ náà sì fọ́ bí eérú; gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì gùn ju ìka mi lọ. Ó dùn mí dọ́kàn.

Ọ̀ràn ilẹ̀ tuntun tí wọ́n gbà ló tilẹ̀ le jù. Ilé àtijọ́ kan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì sábà máa ń ní òjé, irin olóró kan, nínú láti ara ọ̀dà ilé ayé àtijọ́, àti láti ara epo bẹntiróòlù tí wọ́n máa ń po òjé mọ́ nígbà kan, òjé kì í sì í jẹrà. Eruku rẹ̀ léwu jù fún àwọn ọmọdé tó máa ń fi ọwọ́ sẹ́nu. Ewébẹ̀ àti ọ̀gbìn tó ń ta sínú ilẹ̀ sì yẹ kí a ṣọ́ra fún ju ọ̀gbìn tó ń so lókè lọ. Ẹgbẹ́ náà ṣe ohun tó yẹ: wọ́n yẹ ilẹ̀ wò, wọ́n sì pinnu pé inú àpótí pákó tí a da iyẹ̀pẹ̀ mímọ́ kún ni a óò máa gbin ohun jíjẹ sí. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwé ìròyìn kọ ni pé "ilẹ̀ tuntun ti dé, ẹ wá gbìn." Ìdílé méjì ti gbin ewébẹ̀ sílẹ̀ lásán kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún wọn.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ìmọ̀ tó wà lórí ẹnì kan ṣoṣo. Nígbà tí ara ìyá olókìtì ajílẹ̀ kò yá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò sí ẹni tó mọ bí ó ṣe ń pò ó, òkìtì náà sì tutù. Kì í ṣe dandan kó rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1973, obìnrin kan tó ń jẹ́ Liz Christy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń jẹ́ Green Guerillas palẹ̀ pàǹtírí mọ́ lórí ilẹ̀ kan tí wọ́n pa tì ní ìkòríta òpópónà Bowery àti Houston ní New York, wọ́n sì sọ ọ́ di ọgbà. Obìnrin náà kú ní ọdún 1985, ọgbà náà ṣì wà títí di òní, àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, láti ọdún 1972 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní Master Gardener, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ará ìlú kí àwọn náà lè máa dáhùn ìbéèrè àwọn ẹlòmíràn lórí ọgbà. Irú ìbéèrè àti ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kó wà nínú ìwé ìròyìn wa, nítorí wọ́n ń bi wọ́n lójoojúmọ́ lẹ́nu ìloro ọgbà.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ọgbà, kí ó lọ bá irú ẹgbẹ́ yìí láìfòyà, ṣùgbọ́n kí ó máa fi ẹnu béèrè ọjọ́ iṣẹ́ àti ipò tí ilẹ̀ wà, kí ó má ṣe dúró de ìwé. Mo ti sọ gbogbo èyí fún àwọn aṣáájú lójúkojú, wọn kò sì bínú. Ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé ìròyìn tó jáde kẹ́yìn ni orúkọ àwọn tí yóò bomi rin ọgbà wà, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀. Ó ku àlàyé lórí òkìtì ajílẹ̀. Ìyá náà ń pè é, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, a sì ti kọ ọ́ dé ibi kànìnkànìn.