ÌKÌLỌ̀: Bọ́ọ̀dù ríléè tó ń dún "ták" lè má pé o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra bọ́ọ̀dù ríléè (súwíìṣì tí iná fúnra ẹ̀ ń tàn tó sì ń pa) fóòtì 12 fún ṣẹ́ńjóófà, ẹ̀rọ omi tàbí ìnfátà, ẹ dákun, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́. Ẹnì kan ń tà wọ́n lórí WhatsApp, Alaba ló ní òun ti ń kó wọn. (Alaba ò ṣe nǹkan kan o, ọjà gidi pọ̀ níbẹ̀.) Owó pọ́ọ́kú ló ń gbà. Àmọ́ léraléra ni àwọn oníbàárà ń gbé bọ́ọ̀dù ọkùnrin yìí wá sórí tábìlì mi, àìsàn kan náà ló sì ń ṣe gbogbo wọn: transistor (ẹ̀yà kékeré tó ń tan ríléè tó sì ń pa á) ti jó, ríléè fúnra ẹ̀ kò ní nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá wo ẹ̀gbẹ́ ríléè yẹn dáadáa, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ D1 sí. Ihò méjì wà níbẹ̀, lẹ́ẹ̀dì (òjé tí wọ́n fi ń jó ẹ̀yà mọ́ bọ́ọ̀dù) tuntun ń dán lójú wọn, àmọ́ dáyóòdù (ẹ̀yà tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) ò sí.

Ohun tó jẹ́ kó rọrùn fún un láti tà á ni pé á dán an wò lójú yín. Á fi fídíò ránṣẹ́: ó fún un níná, ó dún "ták", LED pupa tàn, ó pa á, ó tún dún. "Ọ̀gá, ẹ ò rí i pé ó ń ṣiṣẹ́?" Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ ò sí níbi títàn, ibi pípa ni gbogbo ẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣí i wò. Kóìlì (wáyà tí wọ́n ká sínú) ríléè fóòtì 12 tó wọ́pọ̀ jẹ́ ómù 400. Ẹ pín 12 sí 400, ẹ ó rí mílí-áńpíà 30. Iná kì í fò dé 30 yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, torí kóìlì máa ń takò ó, díẹ̀díẹ̀ ló ń gùn. Tẹ́ ẹ bá pín L kóìlì (bó ṣe ń takò ìyípadà iná tó, henry la fi ń wọ̀n ọ́n) sí R ẹ̀ (ómù 400 yẹn), ẹ ó mọ bó ṣe máa pẹ́ tó. Ká ní henry 0.4 ni L: 0.4 sí 400 jẹ́ mílísẹ́kọ́ǹdù 1. Lẹ́yìn mílísẹ́kọ́ǹdù kan, iná á ti dé ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún; tó bá fi máa di márùn-ún, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tán. Kò séwu níbẹ̀ rárá.

Ìgbà tí transistor bá pa á ni wàhálà dé. Mílí-áńpíà 30 yẹn ṣì fẹ́ máa ṣàn, kóìlì kì í sì í gbà kí iná inú òun dá lójijì. Tí ọ̀nà bá dí, á máa ti fóòtì sókè títí á fi rí ibi já sí. Bí iná bá ṣe yára kú tó ni fóòtì yẹn á ṣe ga tó. Ká ní mílí-áńpíà 30 kú láàrin máíkírósẹ́kọ́ǹdù 10: 0.4 lọ́nà 0.03, ẹ pín in sí 0.00001, fóòtì 1,200 nìyẹn, látinú bátìrì 12! Lórí bọ́ọ̀dù, kì í sábà ga tó bẹ́ẹ̀, torí transistor á ti gba ìyà yẹn sára kó tó débẹ̀. Transistor BC547 tí wọ́n fẹ́ràn láti máa lò, fóòtì 45 ni agbára ẹ̀ mọ. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ń pa á ló ń jẹ ẹ́ lára, títí ọjọ́ kan á fi jó pọ̀ mọ́ra. Látìgbà yẹn, ríléè ò ní kú mọ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ omi ló wà níbẹ̀, á máa fà títí omi á fi kún tánkì tí á máa dà sílé aládùúgbò.

Dáyóòdù tí owó ẹ̀ ò tó nǹkan ló yẹ kó dá èyí dúró. Tó bá wà lórí kóìlì, iná tó ṣẹ́kù á gba inú ẹ̀ yí po títí á fi rẹ̀ sílẹ̀ nínú ómù 400 yẹn. Transistor ò ní rí ju nǹkan bíi fóòtì 12.7 lọ.

Tẹ́ ẹ bá bá ọkùnrin yìí wí, àwáwí ò wọ́n lẹ́nu ẹ̀. Ó lè ní òun mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni, kí ríléè lè tètè máa já. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, torí dáyóòdù máa ń fa ìjá ríléè sẹ́yìn díẹ̀. Àmọ́ ẹni tó mọṣẹ́ á fi zener (dáyóòdù tó ń jẹ́ kí iná kọjá lódì tí fóòtì bá ti dé iye tí wọ́n kọ sí i) fóòtì 24 kún dáyóòdù yẹn, kí iná lè tètè kú láìjẹ́ pé transistor rí ju nǹkan bíi 37 lọ. Kì í ṣe kí èèyàn yọ ọ́ kó fi ihò sílẹ̀. Nígbà míì, á ní ULN2003 (áísíì tó ń ṣiṣẹ́ transistor) lòun lò, pé dáyóòdù wà nínú ẹ̀. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ 9 ò bá so mọ́ pọ́sítíìfù kóìlì, asán ni. Bọ́ọ̀dù ẹ̀ tí mo yẹ̀ wò, ẹsẹ̀ 9 ò so mọ́ nǹkan kan.

Èyí tó burú jù ni ti mítà. Á fi mítà sí ibi dáyóòdù lójú yín, mítà á kọ 0.4, á ní ẹ wò ó, dáyóòdù nìyẹn. Irọ́ ni! Mítà tó pọ̀ ń rán bíi mílí-áńpíà 1 jáde nígbà tẹ́ ẹ bá fi wọn dáyóòdù. Tí ìyẹn bá gba ómù 400 kọjá, 0.4 náà ló máa kọ. Kóìlì lẹ̀ ń wọ̀n.

Báyìí ni kẹ́ ẹ ṣe mọ òótọ́. Ẹ yọ bọ́ọ̀dù kúrò nínú iná. Ẹ mú bátìrì 12 àti rẹsísítọ̀ ómù 1,000, kí rẹsísítọ̀ wà lójú ọ̀nà, kẹ́ ẹ wá fún kóìlì níná lódì: pọ́sítíìfù sí ẹsẹ̀ tó lọ sí transistor, nẹ́gétíìfù sí ẹsẹ̀ kejì. Ẹ fi mítà wọn fóòtì lórí ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí dáyóòdù bá wà tó sì yè, ẹ ó rí bíi 0.7. Bí kò bá sí, bíi 3.4 lẹ ó rí. Ríléè fóòtì 5 ò ní fi ìyàtọ̀ yìí hàn dáadáa pẹ̀lú ómù 1,000, torí kóìlì tiẹ̀ kéré, bíi ómù 70.

Áńpíà 10 tí wọ́n kọ sórí ríléè ńkọ́? Fún nǹkan tó kàn ń gbóná bí áyọ́ọ̀nù ni, ẹ má fi gbé ẹ̀rọ omi ńlá.

Ẹni tó bá ti rà á, ẹ má wulẹ̀ máa bá a jà lórí fóònù, kì í gbé e mọ́ tówó bá ti wọlé. Ẹ ra dáyóòdù 1N4007 kan, kẹ́ ẹ fi lẹ́ẹ̀dì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ihò D1, kí ilà funfun ara ẹ̀ kọjú sí ẹsẹ̀ tó so mọ́ pọ́sítíìfù 12. Tẹ́ ẹ bá yí i sódì, lẹ́ẹ̀kan tẹ́ ẹ bá tan án ni transistor máa jó, torí náà ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó fún un níná.