Ṣọ́ọ̀bù àwọn oníjàpá ní Ọ̀nà Ọ̀dà, Àkúrẹ́: wọ́n ń wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó tú u

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wa Ìjàpá, ìyẹn ọkọ̀ Volkswagen Beetle, ní Àkúrẹ́ kò pọ̀ mọ́, àwọn mẹkáníìkì tó mọ ọwọ́ rẹ̀ sì kéré jù yín lọ. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní Ọ̀nà Ọ̀dà. Kò ní pátákó. Bọ́ńẹ́ẹ̀tì Ìjàpá pupa kan ni wọ́n gbé kọ́ ara ògiri, òun lẹ ó fi dá ibẹ̀ mọ̀. Bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ti dàgbà dáadáa, ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀, Volkswagen tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn nìkan ni wọ́n sì ń fọwọ́ kàn. Ẹni tó bá gbé Corolla dé, wọn á kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọn á sì júwe ibòmíràn fún un.

Ọdún 1978 ni wọ́n to tèmi pọ̀, ní ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà ní Òjó, l'Ékòó, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Òun ni mo ń gbé lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì. Àìsàn tó ń ṣe é nìyí: bí mo bá ti wà á bọ̀ láti Ìdànrè nínú oòrùn, tí mo wá bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pàdé nítòsí Ọjà Ọba, iná ọ́ìlì tó wà níwájú awakọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Bí mo bá tẹsẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀, á lọ. Ní òwúrọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ẹ ò ní rí i rárá. Bẹ́ẹ̀ Ìjàpá kò ní omi tó ń tù ú lára. Ọ́ìlì ló ń jẹ́ kí irin yọ̀ lára irin, òun náà ló tún ń gbé ooru lọ síbi tí fáànù ti ń fẹ́ ẹ, lítà 2.5 péré sì ni gbogbo rẹ̀. Ìṣòro ọ́ìlì tí ọkọ̀ mìíràn lè fara dà fún oṣù mélòó kan, Ìjàpá kò ní fara dà á.

Kí n tó débẹ̀, mo ti gbọ́ oríṣiríṣi. Mẹkáníìkì kan ní kí n lọ wá owó, pé bíárìn kránkì (irin tí ọ̀pá ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì jókòó lé) ti jẹ tán, ká sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Kò tíì ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ tó fi sọ bẹ́ẹ̀ o. Òmíràn ní kí n da ọ́ìlì tó ki sí i, pé iná náà á kú. Á kú lóòótọ́, ohun tó ń fà á ni kò ní kú.

Ìbéèrè ni Bàbá fi bẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀. "Màmá, ṣé òwúrọ̀ ló ń tàn ni, àbí ìgbà tó bá gbóná? Ṣé ó ń dún ko-ko-ko nísàlẹ̀?" Mo ní kò dún. Ó fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ó wò ó, ó sì gbé e sí imú. Mo bi í pé kí ló ń gbóòórùn. Ó ní bẹntiróòlù ni òun ń wá. Awọ inú pọ́ǹpù bẹntiróòlù Ìjàpá lè ya, bẹntiróòlù á wá máa jò sínú ọ́ìlì, ọ́ìlì á máa lé sókè lórí ọ̀pá, ẹni tó ni ọkọ̀ á sì máa yọ̀ pé ọkọ̀ òun kì í jẹ ọ́ìlì. Ọ́ìlì tó ti ṣàn tó bẹ́ẹ̀ kò lè ní prẹ́ṣọ̀, ìyẹn agbára tó ń tì í kiri inú ẹ́ńjìnnì. Tèmi kò rùn.

Ó wá ní kí ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ yọ wáyà kan ṣoṣo tó wà lórí suwíìṣì ọ́ìlì, èyí tó ń tan iná náà, nítòsí disitiríbútọ̀. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ láì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì jí. Iná kú. Ó fi ẹnu wáyà náà kan irin ẹ́ńjìnnì, iná tàn. Ọmọ náà yíjú sí mi: "Wáyà yín ò ní wàhálà, mà. Ká ní iná ò kú ni, rẹ́wáyà là bá ránṣẹ́ pè." Ó wù mí kí àwọn ọmọ SS2 mi lè ṣàlàyé bí iná mànàmáná ṣe ń rìn báyẹn.

Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni géèjì tí wọ́n fi ń wọn prẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ wa ọkọ̀ náà lọ ká sì wà á bọ̀ kó gbóná, torí prẹ́ṣọ̀ ẹ́ńjìnnì tútù máa ń purọ́. A dé, wọ́n tú suwíìṣì yẹn, wọ́n de géèjì onírọ́bà gígùn sí ojú ihò rẹ̀, wọ́n sì so míta kékeré kan mọ́ kọ́ìlì láti fi ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí. Nígbà tó ń yí jẹ́jẹ́, psi 4 (psi ni wọ́n fi ń ka prẹ́ṣọ̀). Nígbà tí wọ́n gbé e dé 2,500, ìyẹn iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan, psi 22. Ìwé Volkswagen sọ pé ní 2,500, tí ọ́ìlì SAE 30 (nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó) bá gbóná dé 70°C, ó yẹ kó tó nǹkan bíi 42. Bó bá ti wálẹ̀ ju 28 lọ, nǹkan ti jẹ. Iná inú ọkọ̀ ní tirẹ̀, ìgbà tí prẹ́ṣọ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ló ń tàn, láàárín nǹkan bíi psi 2 sí 6. Ẹ má gbójú lé e rárá.

Síbẹ̀ náà, wọn ò sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Ohun tó rọrùn jù ni wọ́n kọ́kọ́ tú. Ìjàpá kò ní fílítà ọ́ìlì bíi tàwọn ọkọ̀ òde òní, asẹ́ onírin kan ló wà nísàlẹ̀, tí nọ́ọ̀tì kéékèèké mẹ́fà di ìdérí rẹ̀ mú. Wọ́n da ọ́ìlì náà sínú abọ́ funfun, Bàbá fi tọ́ọ̀ṣì wá irin tó ń dán àti ìyẹ̀fun bàbà nínú rẹ̀. Kò rí ohun tó dẹ́rù bà á, ìyẹn ló jẹ́ kó sọ pé òun ò tíì fẹ̀sùn kan bíárìn. Wọ́n fi sùkúrù-dráífà ńlá tú ìdérí fáàfù prẹ́ṣọ̀, písítìn kékeré inú rẹ̀ jáde wọ́ọ́rọ́. Bí ìyẹn bá há ní ṣíṣí, ńṣe ni ọ́ìlì á kàn máa padà sísàlẹ̀ láì dé ibi tó ń lọ.

Ó wá kan ọ́ìlì pọ́ǹpù, lábẹ́ púlì kránkì. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin. Bí wọ́n ṣe ṣí i, Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó tún un ṣe kẹ́yìn, kí ọkọ̀ náà tó dọ́wọ́ mi, ti fi páálí bísíkíìtì gé gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn bébà tó ń wà láàárín irin méjì kí ọ́ìlì má baà jò, fún un. Àwọ̀ búlúù páálí ṣì wà lára rẹ̀! Gásíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ yẹ kó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà ni, torí géà méjì ló ń yí nínú pọ́ǹpù yẹn, ìdérí ló sì ń sé wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí àyè tó wà láàárín géà àti ìdérí bá ti ju 0.1 mm lọ, ọ́ìlì á máa yọ́ gba ibẹ̀ padà, pàápàá tó bá ti gbóná tó sì ti ṣàn. Nínú tèmi, abẹ fílà géèjì (irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àyè tóóró) tó nípọn tó 0.25 mm wọlé láìjà. Géà sì ti ha ojú ìdérí náà.

Wọ́n tẹ́ sáńpépà sórí gíláàsì, wọ́n ń lọ ìdérí náà lórí rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi tẹ́jú. Géà náà ṣì dára, wọn ò fi tuntun dà mí láàmú. Wọ́n fi gásíkẹ́ẹ̀tì gidi sí i, wọ́n fi Vaseline kún àárín géà, torí pọ́ǹpù tó gbẹ kì í tètè fa ọ́ìlì. Lẹ́yìn náà wọ́n yọ wáyà kọ́ìlì, wọ́n fi sìtátà yí ẹ́ńjìnnì títí iná ọ́ìlì fi kú, kí wọ́n tó jẹ́ kó jí.

Géèjì padà síbi iṣẹ́: psi 11 nígbà tó ń yí jẹ́jẹ́, 37 ní 2,500. Kò pé 42, Bàbá ò sì díbọ́n pé ó pé. Ó ní bíárìn náà ti jẹ díẹ̀, kí n máa lò ó lọ, kí n sì padà wá wọ̀n ọ́n tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé.

Owó iṣẹ́ jẹ́ ₦20,000, mo sì rò pé ó tọ́. Mo ra gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì lítà 4 lọ. Èyí tó ṣẹ́kù, wọ́n dé e, wọ́n gbé e sínú bọ́ọ̀tù fún mi láì jẹ́ pé mo béèrè. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá mẹkáníìkì ṣe pọ̀ rí, ẹ mọ̀ pé ọ́ìlì tó bá ṣẹ́kù kì í sábà bá èèyàn délé.

Àmọ́ wọ́n ní àléébù o. Wọ́n lọ́ra. Iṣẹ́ tí mo rò pé yóò parí ní ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́, àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní. Wọn kì í fúnni ní rìsíìtì. Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà jáde, inú kòtò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n dà á sí, ojú mi báyìí. Mo sọ̀rọ̀, Bàbá ní "a ti gbọ́, mà," ṣùgbọ́n n kò rò pé ó gbọ́. Mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó fi géèjì kan sílẹ̀ sínú ọkọ̀ mi títí láé, ó kọ̀, ó ní rọ́bà rẹ̀ á bẹ́ lọ́jọ́ kan, ọ́ìlì á dà tán sójú títì. N kò fara mọ́ èyí. Rọ́bà tó bá dára kì í sábà bẹ́, oríṣi géèjì mìíràn sì wà tó jẹ́ wáyà nìkan ló ń wọnú ọkọ̀. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni mo máa fi ṣe ìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ tètè débẹ̀ láàárọ̀, ẹ béèrè iye owó kí wọ́n tó mú sípánà, ẹ sì gbé ọ́ìlì yín dání láti ibi tó dá yín lójú. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí Bàbá bá ti lọ kírun, àwọn ọmọ iṣẹ́ kì í tú nǹkan kan títí yóò fi dé.