Michelin Pilot Sport 4S àbí Continental ExtremeContact Sport 02? Ìfiwéra fún ẹni tó ń wakọ̀ láàárín Ifẹ̀ àti Iléṣà

Ẹni tó ń wa Corolla tó ń lo táyà 195/65R15 lè fojú fo ọ̀rọ̀ yìí. Táyà tirẹ̀ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù láti Lagere dé Sábó, kò sì nílò èyí tó gbówó lórí. Àwọn tí mo ń bá wí ni àwọn tó ra Bẹ́ńsì C300, BMW tàbí Honda Accord Sport tòkúnbọ̀, tí rímù ìnsì 18 tàbí 19 wà lábẹ́ rẹ̀, tí táyà tó bá ọkọ̀ náà dé láti Amẹ́ríkà ti ń tán lọ, tí àwọn ọ̀rẹ́ sì ti pín sí méjì lé wọn lórí. Apá kan ní Michelin Pilot Sport 4S ni kí wọ́n rà, apá kejì ní Continental ExtremeContact Sport 02 ni.

Kí n sọ ibi tí mo fì sí kí ọ̀rọ̀ tó gùn. Bí táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn ọkọ̀ yín kò bá fẹ̀ bákan náà, ẹ ra Michelin. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jẹ́ ìwọ̀n kan náà, ẹ ra Continental, ẹ sì ra márùn-ún. Ìdí ni pé lójú ọ̀nà tiwa, jíjẹ kọ́ ló sábà ń pa táyà olówó ńlá. Kòtò ló ń pa á, ẹyọ kan ló sì máa ń pa lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé lọ́jọ́ tí ẹyọ kan bá bẹ́, níbo ni òun ti máa rí èkejì rẹ̀?

Táyà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn òyìnbó ka méjèèjì sí, torí pé wọ́n ní òmíràn tí wọ́n ń lò lásìkò yìnyín. Rọ́bà táyà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń le bí ojú ọjọ́ bá ti tutù ju ìwọ̀n 7 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọyẹ́ Iléṣà kì í dé ibẹ̀, ìdájí oṣù kìíní náà kì í dé ibẹ̀, nítorí náà kò sí oṣù kankan tí a kò lè lò ó. Òdìkejì rẹ̀ ló yẹ kí ẹ sá fún, ìyẹn táyà yìnyín tí wọ́n tú kúrò lára ọkọ̀ ní Yúróòpù, tí wọ́n wá ń tà fún wa ní àlòkù. Ẹ máa rí àwòrán òkè tí èérún yìnyín wà láàárín rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà bẹ́ẹ̀. Rọ́bà rẹ̀ ti rọ̀ jù fún ooru wa, ó ń jẹ kíákíá, ọkọ̀ sì máa ń mì lórí rẹ̀ tí ẹ bá ya kọ́nà lórí ọ̀dà tó gbóná. Yàtọ̀ sí èyí, àlòkù táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wà lára ohun tí àṣẹ Kọ́sítọ́ọ̀mù kò gbà láyè láti kó wọ Nàìjíríà. Pé ó kún ojú títì kò sọ ọ́ di ohun tó bófin mu.

Ilé iṣẹ́ méjèèjì ti pẹ́. Continental bẹ̀rẹ̀ ní Hanover ní Jámánì lọ́dún 1871, Michelin sì bẹ̀rẹ̀ ní Clermont-Ferrand ní Faransé lọ́dún 1889. Ọdún 2017 ni Pilot Sport 4S jáde láti rọ́pò Pilot Super Sport, 2022 sì ni ExtremeContact Sport 02 dé. Ẹ má retí pé èyíkéyìí nínú wọn á ti ọwọ́ ará ilé wa jáde. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó wà ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop tẹ̀ lé e ní Ìkẹjà lọ́dún kejì, láti ìgbà náà orí omi ni táyà wa ń gbà wọlé.

Ó kan òjò wàyí, torí òjò ni ìdí tó dára jù lọ tí ènìyàn fi lè náwó sórí irú táyà yìí. Eré kọ́ ni. Àmì Y tó wà lára wọn túmọ̀ sí pé wọ́n lè gba eré 300 kìlómítà ní wákàtí kan, mi ò sì rí ẹni tó máa sá irú eré bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ṣùgbọ́n rọ́bà tó lè di ọ̀dà mú lórí eré bẹ́ẹ̀ náà ló máa dá ọkọ̀ dúró nígbà tí ọlọ́kadà bá já sí iwájú yín lójijì nínú òjò. Michelin fi oríṣi rọ́bà méjì ṣe ojú táyà tirẹ̀. Apá òde, èyí tó ń gba agbára kọ́nà, ni rọ́bà tó ń di ilẹ̀ gbígbẹ mú. Apá inú ni rọ́bà tí wọ́n fi sílíkà sí fún ilẹ̀ tútù. Continental náà kò kẹ̀rẹ̀ nínú omi. Tí méjèèjì bá ṣì tuntun, mi ò gbà pé awakọ̀ lásán lè mọ ìyàtọ̀ wọn lójú ọ̀nà tó rin.

Ìyàtọ̀ máa ń jáde nígbà tí wọ́n bá ti jẹ dé ìdajì, Continental sì ní ọgbọ́n kan tó wù mí. Wọ́n gbẹ́ lẹ́tà D àti W sí ojú táyà náà. D dúró fún ilẹ̀ gbígbẹ, W fún ilẹ̀ tútù. Bí W bá ti parẹ́, táyà náà ń sọ fún yín pé ilà ojú òun kò jìn tó láti máa lé omi bó ṣe yẹ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ ṣì dára lójú ẹni tó ń wò ó. Ti Michelin, àfi kí ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ìkọ́ kéékèèké (rọ́bà tó yọ sókè díẹ̀) tó wà láàárín àwọn ilà táyà. Ìkọ́ yẹn kì í bá ojú táyà dọ́gba títí tí yóò fi ku mílímítà 1.6 péré, èyí sì ti pẹ́ jù fún òjò oṣù kẹsàn-án. Ẹ rántí pé táyà tó fẹ̀ máa ń tètè léfòó lórí omi ju èyí tó tín-ín-rín lọ, nítorí náà ẹni tó ń lo táyà tó fẹ̀ ní mílímítà 245 kò gbọdọ̀ dúró de ìkọ́ yẹn.

Ní ti jíjẹ, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ wọn. Ẹ máa rí TREADWEAR 300 lára Pilot Sport 4S àti 340 lára ExtremeContact Sport 02; èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ga jù ló yẹ kó pẹ́ jù kó tó jẹ. AA ni TRACTION (dídi ilẹ̀ tútù mú) àwọn méjèèjì, A sì ni TEMPERATURE (fífara da ooru) wọn, èyí tó ga jù lọ nínú òṣùwọ̀n Amẹ́ríkà náà, ohun tó sì dára fún oòrùn ọ̀sán wa. Àwọn oníṣòwò fẹ́ràn láti fi 340 yẹn polówó. Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú jù. Ìlú San Angelo ní Texas ni wọ́n ti ń wa táyà náà lójú ọ̀nà tó dán fún 7,200 máìlì, wọ́n á fi wé táyà àpẹẹrẹ, ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà fúnra rẹ̀ ló sì ń kọ nọ́ńbà sí i. Àárín 300 àti 340 kò tó ohun tí a ń torí rẹ̀ jà, pàápàá nígbà tí ọ̀pọ̀ irú táyà yìí kì í gbó kú lọ́dọ̀ wa.

Kòtò ló kù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Táyà 225/45R18 ní ẹ̀gbẹ́ tó ga ní nǹkan bí mílímítà 101, torí ìdá 45 nínú 100 lára 225 ni. 225/40R19 ní 90 péré. Ẹ̀gbẹ́ yẹn nìkan ló wà láàárín rímù yín àti kòtò Ifẹ̀ sí Iléṣà. Bó bá kúrú, kòtò á fún un pọ̀ mọ́ irin, okùn inú rẹ̀ á já, ẹ̀gbẹ́ táyà á sì wú bí eéwo, tàbí kó bẹ́ lójú ẹsẹ̀. Èyí tó bá ti wú, kò sí fọkanáísà tó lè tún un ṣe, ẹni tó bá ní òun lè lẹ̀ ẹ́ ń fi ẹ̀mí yín ṣeré ni. Michelin tàbí Continental, kò sí èyí tí ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ lè sọ mílímítà 90 di 110.

Nítorí náà, ẹni tó ní Bẹ́ńsì C300 irú tí wọ́n ń pè ní W205, tí rímù 19 wà lábẹ́ rẹ̀, kí ó ronú sí 18, tàbí 17 pàápàá. 225/50R17 fẹ́rẹ̀ẹ́ ga bákan náà pẹ̀lú 225/45R18 tí ẹ bá wọ̀n wọ́n lódindi (mílímítà 657 sí 660), ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi mílímítà mọ́kànlá ju tirẹ̀ lọ. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé bíréèkì yín kò tóbi ju inú rímù 17 lọ, torí ti AMG, ìyẹn Bẹ́ńsì eléré, kì í wọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ Mayfair ní Ifẹ̀ kò ní fẹ́ gbọ́ èyí. Rímù ńlá dùn ún wò lóòótọ́.

Ní ti bí wọ́n ṣe ń rìn, lójú tèmi, Michelin ló rọ̀ díẹ̀ lórí gìrìgìrì kéékèèké, ó sì ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kìlọ̀ fún yín kó tó yọ̀ ní kọ́nà. Ẹni tó ń gun òkè Ẹ̀rìn-Òkè lọ sí ọ̀nà Àkúrẹ́ máa mọ rírì èyí. Ẹni tó sì jẹ́ pé inú ọgbà OAU ni ìrìn rẹ̀ pọ̀ sí, tí kòtò kì í dà láàmú púpọ̀, kó ra èyí tó bá wù ú.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ẹyọ kan tó bẹ́. Continental dìídì ṣe ExtremeContact Sport 02 fún ọjà Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ tó bá ti Jámánì wá, SportContact tàbí PremiumContact ni ẹ máa rí lábẹ́ rẹ̀. Pilot Sport 4S ní tirẹ̀ wà ní Yúróòpù, ó wà ní Éṣíà, ó wà ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ránni lọ sí Èkó láti wá ẹyọ kan ṣoṣo, ti Michelin ló rọrùn láti rí jù. Ọ̀pọ̀ Bẹ́ńsì ń lo 225/45R18 níwájú, 245/40R18 lẹ́yìn. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè pààrọ̀ iwájú sí ẹ̀yìn, ẹyọ kan tí ẹ rà pa mọ́ kò sì lè gba ipò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìdí nìyí tí mo fi ní Michelin ni kí ẹ rà.

Honda Accord Sport tó ń lo 235/45R18 yíká, tàbí BMW tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ bá jẹ́ 225/45R18, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Owó Continental sábà máa ń dín sí ti Michelin. Ẹ fi ìyàtọ̀ owó náà kún ẹ̀karùn-ún, ẹ gbé e sílé níbi tí oòrùn kò dé. Bí BMW yín bá bá runflat (táyà tó ṣì lè rìn díẹ̀ lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ bá ti tán nínú rẹ̀) dé, tí kò sì ní sípíà, ẹ̀karùn-ún yìí kì í ṣe àṣejù rárá, torí méjèèjì tí à ń sọ yìí, bí ẹ ṣe máa rí wọn lọ́jà, kì í sábà jẹ́ runflat.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ tó jọra. ExtremeContact DWS06 Plus kì í ṣe Sport 02. Táyà gbogbo ìgbà ni, treadwear rẹ̀ jẹ́ 560, kò sì di ilẹ̀ mú tó Sport 02. Kì í ṣe táyà burúkú, mo tiẹ̀ lè sọ pé ó tó fún ọ̀pọ̀ nínú yín, ṣùgbọ́n ẹ má san owó ti ọ̀kan kí ẹ gbé ìkejì lọ sílé. Bákan náà, Pilot Sport 4 tí kò ní S lẹ́yìn, òmíràn ni.

Ẹ ka ọjọ́ orí rẹ̀ pẹ̀lú. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ni: 3523 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2023. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé 2022 ni Sport 02 jáde, ẹni tó bá fi èyí tó kọ 19 tàbí 20 lọ̀ yín ń tà yín ní ohun mìíràn. Bí ìlà náà bá ti bà jẹ́ tàbí tí ẹnì kan ti ha á, ẹ máa lọ. Dídán tó ń dán kì í ṣe ẹ̀rí, ọ̀dà dúdú táyà kò wọ́n.

Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ ìtú táyà, kì í ṣe ẹni tó máa fi irin méjì yọ ọ́ bíi ti ọkọ̀ akérò, torí ẹ̀gbẹ́ kúkúrú máa ń ya. Ẹ ní kó ṣe bàlánsì, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ ṣe àláímẹ́ǹtì. Atẹ́gùn tó yẹ kí ó fún un wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀, àárọ̀ tí táyà ṣì tutù ni kí ẹ wọ̀n ọ́. Táyà méjèèjì yìí sì ní òde àti inú. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí ọkọ̀ náà po kí ẹ ka ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. OUTSIDE ló gbọ́dọ̀ kọjú sí yín. Èyí tó bá kọ INSIDE, kó tú u, kó tún un dè.