Oṣù Mẹ́jọ Pẹ̀lú Irin O6 Nínú Ṣọ́ọ̀bù Mi

Ó di oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń fi O6, oríṣi irin líle kan tí a fi ń ṣe irinṣẹ́, ṣe búṣì tí ń tọ́ ẹnu dírììlì sọ́nà nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tí mo ní ní Houston. O1, irin irinṣẹ́ mìíràn, ni mo ń lò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n O6 rọrùn láti gé jù ú lọ. Àwọn méjèèjì ni a ń mú gbóná tí a sì ń rì bọ òróró kí wọ́n lè le, líle wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé iṣẹ́ dé, nítorí náà ẹni tó bá rò pé rírọ̀ ni O6 rọ̀ tó fi rọrùn láti gé ti ṣìnà.

Gíráfáìtì ló mú un rọrùn, ohun dúdú tó wà nínú pẹ́ńsùlù. Nínú ọ̀pọ̀ irin, kábọ́nù, èròjà tó wà nínú èédú, a máa so mọ́ irin fúnra rẹ̀, átọ́ọ̀mù irin mẹ́ta sí kábọ́nù kan, ohun líle tí wọ́n bá dì yìí ló sì ń jẹ ẹnu irinṣẹ́ wa. Ṣùgbọ́n ìsopọ̀ náà kì í ṣe ti títí ayé. Bí irin bá pẹ́ nínú iná tí kò pọ̀ jù, kábọ́nù lè já, kí ó sì ṣù jọ di gíráfáìtì. Bí wọ́n bá sì ti kọ́kọ́ mú irin náà gbóná, tí wọ́n rì í kó le, kí wọ́n tó tún yan án ní nǹkan bí ìwọ̀n 680 lórí òṣùwọ̀n Celsius, gíráfáìtì a tètè yọ, a sì wà wẹ́wẹ́ káàkiri. Èròjà tí wọ́n pò mọ́ ọn náà lọ́rọ̀ sọ: sílíkónì ń ti kábọ́nù kó já, kirómíọ̀mù àti máńgánísì ń dì í mú. Máńgánísì O1 tó ìdá 1 nínú 100 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀, kirómíọ̀mù rẹ̀ sì tó ìdá 0.5 nínú 100. Ní ti O6, kábọ́nù rẹ̀ wà láàárín 1.25 sí 1.55, sílíkónì rẹ̀ lè dé 1.5, wọn kì í sì í jẹ́ kí kirómíọ̀mù ju 0.3 lọ. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kábọ́nù yẹn ló ti di gíráfáìtì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Lórí lathe, ẹ̀rọ tí ń yí irin kí a lè gé e, èérún O1 a máa gùn, a máa ká bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀, a sì máa lọ́ mọ́ iṣẹ́. Ti O6 ń já kélekèle sínú àwo. Bí àwọn ìwé iṣẹ́ bá fún W1, irin irinṣẹ́ tí a ń rì bọ omi, ní 100 nípa ìrọ̀rùn gígé, 125 ni wọ́n ń fún O6, ọwọ́ mi kò sì ta ko ìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣáà fi wé 12L14, irin olójé, tí òjé inú rẹ̀ lè tó 0.35. Gígé ìyẹn tún rọrùn jù ú lọ, ṣùgbọ́n kábọ́nù rẹ̀ kò ju 0.15 lọ, kò lè le dénú, májèlé sì ni òjé. (Òjé tí àwọn ọlọ́bàtálá ń fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ náà ni mo ń wí.)

Iná ni mo ti ṣe àṣìṣe. Ìwọ̀n 790 sí 815 ni O6 ń fẹ́. Èmi jẹ́ kí ààrò mi dé 870. Ó ba iṣẹ́ jẹ́, nítorí bí iná bá ṣe ga tó, tó sì pẹ́ tó, ni irin ṣe ń gba gíráfáìtì padà sínú ara rẹ̀. Búṣì mẹ́fà tí mo ṣe lọ́jọ́ náà ń han gooro nígbà tí dírììlì ń yí nínú wọn, ọ̀kan sì sán. Àwọn búṣì tí mo ṣe lẹ́ẹ̀kejì ni mo fi sí 800, mo rì wọ́n bọ òróró, mo sì dá wọn padà sínú iná ìwọ̀n 200 fún wákàtí méjì. Àwọn yẹn wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di òní, gíráfáìtì ojú wọn sì ń gba ipò òróró nígbà tí òróró bá tán.

Àbùkù rẹ̀ kò ṣòro rí. Kò ṣeé dán bíi dígí, torí pé ibi tí gíráfáìtì bá ti hó kúrò a máa di ihò tín-ín-tín. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti O1 níbi tí mo ti ń rà á, àwọn tí ń tà á kò sì pọ̀. Ẹni tí mo kọ́kọ́ rà á lọ́wọ́ rẹ̀ fi ọ̀pá tí wọ́n kọ O6 sí lára ránṣẹ́. Mo há a mọ́ ẹ̀rọ, èérún rẹ̀ gùn bí okùn. Mo fi àkísà funfun nu ibi tí mo gé, àkísà náà funfun síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojúlówó O6 a máa sọ ọ́ dúdú bí ẹni fi nu ìdí ìkòkò. Ó dá owó mi padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n kò san owó ẹrù.