Tíṣà áljẹ́brà tí wọ́n gbé lọ sí Lẹ́kí: ohun tí ojú wa rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ ọmọ wa nílé

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n kan ilẹ̀kùn wa ní Sùúrùlérè. Àwọn ọmọ ti tẹ́ ìwé sórí tábìlì. Ọmọ mi obìnrin ti nu pátákó, ó ti kọ déètì sí i lókè. Èmi rò pé tíṣà wọn ló dé. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí n kò rí rí ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó ní ọ́fíìsì ló rán òun wá.

"Èmi ni màá máa kọ́ wọn báyìí, ma."

Mo ní, tíṣà wọn ńkọ́? Ó ní wọ́n ti gbé e lọ sí Lẹ́kí láti àná.

Kò sẹ́ni tó pè mí. Kò sẹ́ni tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Oṣù mẹ́rin ni ọkùnrin yẹn fi ń wọlé wa lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, wọ́n sì mú un lọ bí ẹni tó wá gba àga tó fi yáni. Ọmọ mi obìnrin wo obìnrin náà, ó wò mí, ó wá rọra pa ìwé rẹ̀ dé. Ohun tó mú mi jókòó kọ èyí nìyẹn. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ń rán tíṣà sílé wa náà, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ni màá sọ, nítorí àwọn òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé bíi tèmi pọ̀ ní Èkó báyìí, a sì nílò láti máa sọ fún ara wa.

Ọmọ méjì ni mò ń kọ́ nílé. Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi obìnrin, jẹ́ ọmọ ọdún 15, àbúrò jẹ́ 13. Ikọ́ fée ló mú ẹ̀gbọ́n kúrò nílé ìwé, àbúrò sì kọ̀ láti máa lọ lóun nìkan. Aránṣọ ni mí, inú pálọ̀ ni máṣìn mi wà, nítorí náà kò sí ohun tí wọ́n kọ́ wọn tí etí mi kò gbọ́. Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá, ìtàn, mo lè kọ́ wọn. Orí áljẹ́brà ni ọ̀nà ti dí mọ́ mi. A kò sì lè fò ó dá: GCE, ìdánwò WAEC fún ẹni tí kò sí nílé ìwé, ni ẹ̀gbọ́n máa ṣe. Ìwé kejì ìṣirò WAEC, ìbéèrè 13 ló máa ń ní, dandan sì ni 5 àkọ́kọ́. Ẹni tí áljẹ́brà bá ń dà láàmú kò ní ríbi sá sí.

Lọ́jọ́ tí tíṣà àkọ́kọ́ dé, ó kọ 3x + 7 = 22 sí pátákó. Ọmọ mi ní x jẹ́ 5, ó tọ̀nà. Ó ní, báwo lo ṣe ṣe é? Ọmọ ní, "7 máa kọjá sí òdìkejì, á di máínọ́ọ̀sì." Ọkùnrin náà ní, "Ta ló gbé e kọjá? Kí ló sì rí lọ́nà tó fi yí padà?" Ọmọ mi kò lè dáhùn. Èmi náà ronú lórí máṣìn, n kò rí èsì. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, mo sì ti gbà á bẹ́ẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún.

Ó ní kí n jọ̀wọ́ fún òun ní háńgà kan àti bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì kò wọ́n nílé aránṣọ. Ó fi okùn gbé háńgà kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó so ọ̀rá ńlá kan mọ́ apá ọ̀tún, òmíràn mọ́ apá òsì. Ó ka bọ́tìnnì 22 sí ọ̀kan. Ó di ọ̀rá kéékèèké mẹ́ta, ó ní iye kan náà ló wà nínú wọn, ó kó wọn sínú èkejì pẹ̀lú bọ́tìnnì 7 tí kò dì. Háńgà dúró gbọọrọ. Ó wá ní kí àbúrò yọ 7 yẹn kúrò. Háńgà dà sí apá kan. "Kí la máa ṣe kó lè dọ́gba padà?" Àbúrò ní ká yọ 7 ní apá kejì náà. Wọ́n yọ ọ́, ó dọ́gba. Ó ku bọ́tìnnì 15 àti ọ̀rá mẹ́ta. Wọ́n tú ọ̀kan, márùn-ún ló wà nínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, ó fòfin de "gbé e kọjá" nílé wa. Ó ní kò sí ohun tó ń kọjá, ohun tí o bá ṣe sí apá kan ni kí o ṣe sí èkejì. Ó tún sọ fún wọn pé inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá náà, al-jabr, ni orúkọ áljẹ́brà ti wá, láti inú ìwé tí al-Khwarizmi kọ ní Baghdad ní nǹkan bí ọdún 820, àti pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún títo eegun tó yẹ̀. Ó wọ̀ mí lára gan-an. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi máa ń to eegun ní Ìjẹ̀bú, mo sì mọ bó ṣe máa ń fi sùúrù dá nǹkan padà sí àyè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí n kò ní gbàgbé ni ọjọ́ àkámọ́. Ọmọ mi obìnrin kọ ọ́ pé (x − 1)² jẹ́ x² − 1. Mo gbọ́ pé àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni. Tíṣà kò bá a wí. Ó kàn bi í pé:

"Kí là ń pe 19 ní Yorùbá?"

"Mọ́kàndínlógún."

"Tú u fún mi."

"Ogún, ó dín ọ̀kan."

"Tí mo bá pe ogún ní x ńkọ́?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "x − 1."

"Ogún lọ́nà ogún?"

Àbúrò ló pariwo: "Irinwó!" Ìyá mi ló kọ́ ọ ní òǹkà yẹn, nígbà tí ẹlòmíràn ń bi wá pé kí la fẹ́ fi ṣe.

Tíṣà ní, "Ó dáa. Bó bá jẹ́ òótọ́ lo kọ, a jẹ́ pé 19 lọ́nà 19 jẹ́ irinwó dín ọ̀kan, 399. Ṣe é kí n rí i." Ọmọ mi ṣe é lórí ìwé. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. 361 ló ń bọ́ sí. "Níbo ni 38 yòókù lọ?"

Máṣìn mi dúró. Èmi náà fẹ́ mọ ibi tí 38 lọ.

Ó tọrọ pépà tí mo fi ń gé pátáànì, ó fa ìlà sí i, 20 ní ìbú, 20 ní òró, irinwó ojú-ilé. Ó ní kí ọmọ mú sísọ́ọ̀sì, kó gé ìlà kan kúrò lókè àti ìlà kan kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mélòó lo gé lókè?" Ogún. "Mélòó ló yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́?" Ọmọ fẹ́ sọ pé ogún, ó wo igun pépà náà, ó ní, "Mọ́kàndínlógún ni, a ti gé igun yẹn tẹ́lẹ̀." "Tí o bá wá yọ ogún lẹ́ẹ̀mejì?" "A jẹ́ pé mo yọ igun náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ dá ọ̀kan padà." 400 − 40 + 1. Fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sí pátákó: x² − 2x + 1. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún pa pọ̀. Àbúrò kò dúró dè é, ó ti mú méjìdínlógún, ó rí 324. Lálẹ́, nígbà tí iná lọ, wọ́n ṣì ń ṣe mẹ́tàdínlógún nínú òkùnkùn, wọ́n rí 289, èmi sì ń fi fóònù yẹ̀ ẹ́ wò.

Òǹkà tí wọ́n ní ó le jù fún ọmọ ìsinsìnyí ló la áljẹ́brà yé àwọn ọmọ mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò láti 1970. Ọjọ́ yẹn ni mo tó fi ojú ara mi rí ìdí rẹ̀.

Ẹ ti rí ohun tí wọ́n gbé lọ sí Lẹ́kí.

Tíṣà tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Ó dé orí máínọ́ọ̀sì lọ́nà máínọ́ọ̀sì. Ọmọ mi bi í pé kí ló dé tó fi ń di púlọ́ọ̀sì. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni òfin rẹ̀, ṣáà kọ́ ọ sórí." Ọmọ mi kò tún béèrè nǹkan kan títí aago mẹ́fà fi lù.

Mo pe ọ́fíìsì. Ọmọbìnrin tó gbé e ní, "Ẹ má bínú ma, mo ń bọ̀ wá pè yín." Kò pè. Mo pè ní aago márùn-ún ààbọ̀, fóònù dún títí ó fi gé. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin kan gbé e. Ó ní, "Ma, àdéhùn wa ni pé a óò pèsè tíṣà. A kò sọ pé ẹnì kan pàtó." Mo ní kí ló dé tó jẹ́ Lẹ́kí. Ó ní àwọn oníbàárà àwọn lọ́hùn-ún ló nílò rẹ̀. Mo ní ṣé wọ́n ń san jù wá lọ ni? Kò dá mi lóhùn. Mo gbọ́ tó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà ó ní òun máa tún pè mí. Òun náà kò pè.

Ọjọ́bọ̀, mo kó àwọn ọmọ méjèèjì, a wọ dánfó ní Ojúẹlẹ́gbá, a lọ bá wọn ní Yábàá. Ọmọbìnrin tó wà níwájú kí wa dáadáa, ó fún wa ní omi, ó sún fáànù sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n nígbà tó gbọ́ bó ṣe ń mí. N kò ní gbàgbé oore yẹn. Akáǹtì ni ọ̀rọ̀ wa kò wọ̀. Mo ti san ₦70,000 fún oṣù náà, tíṣà sì ti wá lẹ́ẹ̀mẹ́fà péré kí wọ́n tó gbé e lọ. Mo ní kí wọ́n dá owó ẹ̀ẹ̀mejì padà, n kò ka ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn sí ẹ̀kọ́. Akáǹtì ní owó oṣù ni, wọn kì í ṣírò rẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ.

Ọmọ mi ní kí n fún òun ní rìsíìtì. Ó wà níbẹ̀ pé ₦10,000 ni ti ìwé iṣẹ́, àti pé ẹ̀kọ́ kan jẹ́ ₦7,500. Ó yí i sẹ́yìn, ó kọ ọ́: 10,000 + 7,500x = 70,000. Ó yọ 10,000 ní apá méjèèjì, ó pín in. "x jẹ́ 8, sà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ lẹ gba owó rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni bọ̀ọ̀dá wá. Ó ku ₦15,000." Akáǹtì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo pépà náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìyá kan jáde láti yàrá inú, òun ni ọ̀gá wọn. Ó gba pépà lọ́wọ́ ọmọ, ó ní, "Kí ló dé tí o kọ́kọ́ yọ 10,000?" Ọmọ mi ní, "Kí x lè dá dúró ni, ma. Mo sì yọ ọ́ ní apá kejì kó má baà yẹ̀." Ìyá náà fa àga, ó jókòó tì í. Ó ní ta ló kọ́ ọ báyìí? Nígbà tó gbọ́, ó pe tíṣà náà lórí fóònù, ó jẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́. Ọkùnrin náà ní ọ́fíìsì sọ fún òun pé a ti gbọ́, òun sì ti rò pé inú ń bí wa ni a kò ṣe pè. Àbúrò já fóònù gbà.

Ọ̀gá náà kò dá tíṣà wa padà fún wa. Ó sọ ọ́ lójú mi pé àwọn ará Lẹ́kí ti san owó oṣù mẹ́ta sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní tíṣà tuntun máa lọ jókòó ti tíṣà àkọ́kọ́ ní Sátidé méjì, ọ́fíìsì ló máa san owó ọkọ̀. Ó sì lọ lóòótọ́. Nígbà tó padà wá, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí ọmọ mi tún ìbéèrè ọjọ́sí béèrè. Ó ní, "Tí mo bá jẹ ẹni mẹ́ta ní gbèsè ₦4,000 kọ̀ọ̀kan, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá fa ìwé gbèsè náà ya, báwo ni owó mi ṣe rí sí ti àná?" Àbúrò ní ó fi ₦12,000 sàn jù. "Gbèsè ni máínọ́ọ̀sì, fífà á ya náà ni máínọ́ọ̀sì." Mo dìde lórí máṣìn, mo lọ bu oúnjẹ fún tíṣà náà.

Mo sì gbọ́dọ̀ sọ èyí: tíṣà àkọ́kọ́ kì í tètè dé, ó máa ń fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ́, ó sì máa ń bá ẹ̀gbọ́n sáré lọ títí àbúrò á fi máa ya àwòrán sí etí ìwé. Obìnrin yìí kì í fi àbúrò sílẹ̀. Ó ń bá a lọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣàṣìṣe lórí pátákó kí ọmọ lè mú un. Ó ń dé lásìkò.

₦15,000 wọ akáùntì mi lọ́jọ́ kọkànlá, lẹ́yìn tí mo pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èmi ni gbogbo wọn ń bẹ̀, "ẹ má bínú ma, ẹ má bínú ma." Títí di òní, kò sí ẹnì kan ní ọ́fíìsì yẹn tó bẹ àwọn ọmọ, àwọn tí wọ́n mú tíṣà wọn lọ. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Owó oṣù tó ń bọ̀ ti wà nílẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sí wọn pé n kò ní san án tí wọn kò bá kọ orúkọ tíṣà wa sínú àdéhùn.